Bàbá Tó Jókòó Létí Adágún

Ẹ̀kọ́ ilé ti kó bá mi láàárọ̀ yìí.

Ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, mo máa ń lọ rìn yí adágún omi inú páàkì tó wà nítòsí ilé mi ní Adelphi, nílùú òyìnbó níbí, èmi nìkan. Lónìí, ìkùukùu ṣì bo ojú omi nígbà tí mo rí bàbá kan tó dé fìlà abetí ajá, tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mi ò rí wọn rí láyé mi. Inú mi dùn pé mo rí Yorùbá, ni mo bá kúnlẹ̀ kí wọn.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọmọ ìlú wo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìbàdàn ni mí, sà."

"Ìwọ àti ta lẹ jọ ń gbé?"

"Èmi nìkan ni, sà."

Àgbàlagbà ló ń bi mí, ṣé kí n dákẹ́ ni? Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo dáhùn, títí dórí ọjọ́ tí mi ò kì í lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n kàn ń mi orí, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ní kí n máa lọ sílé.

Wọ́n ní, "Ilé kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan péré lo tíì yí omi yìí ká. Ṣebí ẹ̀ẹ̀mẹta lo máa ń yí i ká?"

Èmi ò sì sọ ìyẹn fún wọn! Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé mo tún kúnlẹ̀ dágbére fún wọn!

Mo ti tilẹ̀kùn báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó, ẹ̀yin èèyàn mi: bàbá yìí béèrè gbogbo nǹkan lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tí wọn ò béèrè ibi tí ilé mi wà?