Ilẹ̀kùn Takisí Glazoué

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ takisí láti Glazoué bọ̀ wá sí Dassa. Ìyá kan tó ti ọjà iṣu bọ̀ fara ti ilẹ̀kùn, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé itan. Awakọ̀ sọ fún un ní Faransé pé, "Madame, la portière ferme mal."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé o, ọmọ mi." Kò kúrò níbẹ̀.

Mo ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Bàbá, mo ti kìlọ̀ fún un."

"Mo mọ ilé yín ní abúlé Tré. Kí ló dé tí o kò fi èdè ilé kìlọ̀?"

"Bàbá, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, mi ò sí nílé."

Inú bí mi gan-an. Èmi náà kọ́ Faransé ní yunifásítì, àárò ìgbà yẹn ṣì ń sọ mí, ṣùgbọ́n a kò kọ́ ọ torí ká lè fi wẹ ọwọ́ wa mọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Mo sọ fún ìyá náà ní èdè wa pé ilẹ̀kùn náà kì í tì dáadáa. Ó gbá ọmọ mọ́ra, ó sún mọ́ mi. Níbi tí títì ti yí wọ àárín òkè, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

Awakọ̀ ní, "Ṣebí mo sọ ọ́?"

Mo ní kó dúró. Èmi àti ìyá náà sọ iṣu rẹ̀ kalẹ̀, a sì jókòó sínú oòrùn títí ọkọ̀ mìíràn fi dé.