Géèmù Bọ̀dá Mi àti Ẹ̀gẹ́ Màmá Wa

Títí di òní, tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, inú mi ṣì máa ń ru. N ò sì bẹ Ọlọ́run pé kó rọ̀.

Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, bọ̀dá mi, àkọ́bí ilé wa, fi iṣẹ́ tó ń ṣe ní Benin sílẹ̀, ó padà wá sí Odigbo. Àwọn ẹbí ní òun ni kó máa darí oko bàbá wa tó wà lọ́nà Araromi-Obu. Kò sẹ́ni tó bi màmá wa ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, apá ibi tí ẹ̀gẹ́ wà nínú oko yẹn, màmá wa ni wọ́n ń ro ó látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Gààrí tí wọ́n ń dín nínú ẹ̀gẹ́ yẹn ló rán èmi àti bọ̀dá mi nílé ìwé.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é níbí. N ò lè ṣe é.

Géèmù kan wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Wọ́n á fún un ní ìlú kan pẹ̀lú àwọn ará ìlú, òun ló máa pín iṣẹ́ fún wọn: àwọn tó máa dáko, àwọn tó máa rọ ohun ìjà, àwọn tó máa kọ́lé. Bó bá fi kún ti ibì kan, ti ibòmíràn á dín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n pín ló máa ṣẹ́gun àwọn ìlú tó kù.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ti Ore, níbi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ sí, wá kí màmá wa nílé. Bọ̀dá mi pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe géèmù náà.

"Wá wo nǹkan. Ibi tí bàbá wa ti ṣì í nìyí. Kòkó díẹ̀, ẹ̀gẹ́ díẹ̀, ọ̀pẹ díẹ̀. Ta ló ń fi díẹ̀díẹ̀ borí? Kòkó ló gbówó lórí báyìí. Kòkó ni mo máa gbìn sí gbogbo ilẹ̀ yẹn."

"Ẹ̀gẹ́ màmá ńkọ́?"

"A máa hú u. Kí wọ́n máa ra gààrí lọ́jà bíi gbogbo ayé."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Àmì pupa kan ń ṣẹ́jú lórí àwọn ilé kéékèèké kan. Mo bi í pé kí nìyẹn.

"Ebi ló ń pa wọ́n níbẹ̀. Wọ́n á fara dà á. Ohun ìjà ni mo nílò báyìí."

"Tí wọn ò bá lè fara dà á mọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á dìtẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo ti máa ń dá a dúró."

Ó rẹ́rìn-ín. Màmá wa jókòó sẹ́yìn wa níbẹ̀, wọ́n ń já ewé ẹ̀fọ́. Wọ́n gbé ẹ̀fọ́ náà, wọ́n dìde. Mo tẹ̀lé wọn wọ ilé ìdáná.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹbí ti gbé e lé e lọ́wọ́. Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ gbìn ín!"

"Ṣé kò mọ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi bí abẹ́rẹ́. Ó mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa.

Láàárọ̀ Mọ́ńdé, ó kó àwọn alágbàṣe lọ sóko. Nígbà tí mo gbọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti hú ju ìdajì lọ. Wọ́n kó ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó, tó tín-ín-rín bí ìka ọmọdé, jọ sínú oòrùn. Màmá wa dúró nídìí ọ̀pẹ, wọ́n káwọ́ lérí.

Mo wọ àárín ẹ̀gẹ́ tó kù, mo jókòó sílẹ̀.

"Dìde níbẹ̀!" bọ̀dá mi ní.

"N ò dìde."

"Ṣé orí ẹ ti dàrú ni?"

"Ẹ ní ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa ń dá ọ̀tẹ̀ dúró. Ibẹ̀ rèé. Ẹ wá hú èmi náà!"

Àwọn alágbàṣe wo ojú ara wọn, wọ́n sọ àdá sílẹ̀. Bọ̀dá mi bú mi, ó ní kí n lọ máa darí ilé ọkọ mi. Mo dá èébú náà padà, mo sọ ohun tí àbúrò kì í sọ sí ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó yá, màmá wa rìn wá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ mí ni. Wọ́n jókòó tì mí nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn.

Ẹ̀gẹ́ ibi tá a jókòó sí yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù lónìí; kòkó ni bọ̀dá mi gbìn sí gbogbo ìyókù.

Ẹ má rò pé kòkó náà kú o. Ó yè, ó ń tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ẹbí ń yin bọ̀dá mi pé ọlọ́pọlọ ni. Ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ́ kù ò tó ohun tí wọ́n ń fi ṣe gààrí, sísè ni màmá wa ń sè é jẹ. Agbada tí màmá wa fi ń dín gààrí ti dípẹtà lẹ́yìn ilé. Tí wọ́n bá ra gààrí lọ́jà Ore, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á pòṣé. Mélòó nínú ìyẹn ló lè hàn lójú kọ̀ǹpútà?

Bọ̀dá mi ránṣẹ́ pé kí n wá tọrọ àforíjì, torí gbogbo ayé ti rí i pé òun ló jàre. Mo ní kó kọ́kọ́ bi màmá wa léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Kò tíì bi wọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a pàdé nílé àdúrà, ó na ọwọ́ sí mi lẹ́yìn ìsìn. Mo pọn ọmọ mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.