Ojú Mẹ́ta Tí Alágbàfọ̀ Fi Wo Ilé Ara Rẹ̀

Iṣẹ́ ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tí èmi àti rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́, fi ń jẹun láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Alágbàfọ̀, títí kan àwọn ọmọ tó bí, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bá a ṣàwàdà. Yàrá ìfọṣọ náà wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó gùn gbọọrọ, ooru inú rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ló ń pariwo níbẹ̀ láti àárọ̀, aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn á máa yí gbirigbiri nínú wọn, òórùn ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò á sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọwọ́ Alágbàfọ̀ ti bó, ó ti jinná, ó tún ti bó, títí ó fi sú ọwọ́ náà láti bó mọ́. Síbẹ̀, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Bó bá rẹ́rìn-ín, ariwo ẹ̀rọ ò tó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í sọ ju ohun tó bá yẹ lọ. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí, àwọn méjèèjì sì ti lọ sílé ọkọ. Ẹni tó kù nínú ilé pẹ̀lú tọkọtaya ni ìyá ọkọ, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá. Ìgbà tí Màmá di opó ló kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ti dàgbà lóòótọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ èyí tó yẹ àti èyí tí kò yẹ.

Abọ́ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín ìyàwó àti ìyá ọkọ. Bí Alágbàfọ̀ bá ti fọ abọ́ tán, tó tò wọ́n síbi tó yẹ, kò ní pẹ́ tí Màmá á fi dìde, á kó wọn sílẹ̀, á sì tún wọn fọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní bú ẹnikẹ́ni. Kò ní sọ nǹkan kan. Á kàn máa fọ̀ wọ́n, á sì máa kọrin sínú.

"Èmi tí mò ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ, èmi ni wọ́n ní mi ò mọ abọ́ fọ̀!" Bí Alágbàfọ̀ ṣe máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ á ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé wọ́n fẹnu sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ṣé dandan ni kí wọ́n fẹnu sọ ọ́?"

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Ó ń tọ́jú Màmá, ó ń kí i tọwọ̀tọwọ̀, àmọ́ inú rẹ̀ kò ṣí sí i.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, ọjọ́ Sátidé wá ń gùn jù fún un. Ó gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà kan ń gba akẹ́kọ̀ọ́, ó sì lọ forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ mi orí.

"Kíláàsì kọ̀ǹpútà ti kún, mà. Sosiọ́lọ́jì ló kù."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé oògùn ni?"

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ́ nípa bí àwa èèyàn ṣe ń gbé pọ̀ ni, mà."

"Ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń bá èèyàn gbé. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀."

Obìnrin kúkúrú kan ni olùkọ́ wọn, ẹni tó máa ń gbé awò ojú rẹ̀ sórí irun, tí á sì tún máa wá a kiri. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní àwọn tó ń ṣe ìmọ̀ yìí kì í fi ojú kan ṣoṣo wo àwùjọ, ojú mẹ́ta ni àwọn sì máa fi bẹ̀rẹ̀. Ojú kìíní rí àwùjọ bí ara èèyàn: ọwọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹsẹ̀ ní tirẹ̀, bí ẹ̀yà kan ò bá sì níṣẹ́ mọ́, gbogbo ara ló máa mọ̀ ọ́n. Ojú kejì ní kí ẹ má tan ara yín, ìka ò dọ́gba. Ó ń béèrè ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń jèrè, àti ẹni tí ẹrù náà wà lórí rẹ̀. Ojú kẹta ní tirẹ̀ sún mọ́ tòsí. Èèyàn méjì tó kọjú síra wọn ló ń wò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, ojú tí wọ́n fi wo ara wọn, àti ìtumọ̀ tí kálukú fún un.

Olùkọ́ ní, "Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ohun tí ẹnì kejì ṣe gan-an kọ́ la máa ń dáhùn sí. Ìtumọ̀ tí a fún un la máa ń dáhùn sí."

Awakọ̀ kan tó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́. "Èwo ló wá tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mà?"

"Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé, ṣé iwájú rẹ̀ nìkan lẹ máa wò? Ẹ máa yí i po ni."

Ó wá fún wọn níṣẹ́ ṣe: kí kálukú mú ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ léraléra, kó fi ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó. Alágbàfọ̀ pinnu pé yàrá ìfọṣọ lòun máa mú. Àmọ́ nígbà tó délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí wọ́n jẹun tán, tó sì fọ abọ́, ó gbọ́ tí omi tún ń dà ní ilé ìdáná. Ó yọjú. Màmá ti bẹ̀rẹ̀.

Ó fẹ́ pòṣé, ó gbé e mì. Ó fa àpótí kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ó fi ojú kìíní wo ilé. Ọkọ òun ń rẹ́ pákó, òun ń fọṣọ, òun ń dáná, òun ń gbálẹ̀. Màmá ńkọ́? Ó wá iṣẹ́ Màmá títí nínú ilé náà, kò rí i. Ó rántí pé ọ̀sẹ̀ tí Màmá dé gan-an lòun ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun gba ìkòkò, òun sì ní, "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ má ṣe wàhálà." Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ojú kejì ló dùn ún jù. Gbogbo bó ti ń ráhùn kiri pé wọ́n ń fojú ìyàwó gbolẹ̀, ta ló ń sọ ohun tí wọ́n máa jẹ nínú ilé yìí? Kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ, ọwọ́ ta ló wà? Lóòótọ́ ìka ò dọ́gba, àmọ́ òun gan-an ni àtàǹpàkò.

Ojú kẹta ló kù, ìyẹn ò sì ṣeé dá wò. Ó ní láti béèrè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí ló dé tí abọ́ tí mo bá fọ̀ kì í tẹ́ yín lọ́rùn?"

Màmá yíjú padà, ọṣẹ dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ máa ń tún wọn fọ̀ ni, mà."

"Abọ́ tìẹ mọ́ ju tèmi lọ, ìyàwó mi." Ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé kí n sọ òótọ́? Nílé tèmi, ọwọ́ mi kì í dilẹ̀. Ìgbà tí mo débí, ẹ ní kí n jókòó. Mo jókòó títí àga sú mi, èmi náà sì sú àga. Abọ́ yìí nìkan ni nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò gbà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, mo máa ń mọ̀ pé mo wúlò."

Omi lé ròrò sí ojú Alágbàfọ̀. "Mo rò pé ẹ̀ ń bú mi ni, mà. Láti ọjọ́ yìí wá."

"Bú ẹ kẹ̀? Mo rò pé o mọ̀ pé mò ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni! Inú ti ń bí mi, mo ní irú ìyàwó wo rèé tí kì í kí èèyàn kú iṣẹ́?"

Wọ́n wo ara wọn. Màmá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Alágbàfọ̀ bá a gbè é, wọ́n rín títí wọ́n fi di ara wọn mú kí wọ́n má bàa ṣubú. Káfíńtà sáré wọlé pẹ̀lú èérún pákó lórí, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni oúnjẹ àárọ̀ ti di ti Màmá. Gbogbo aṣọ tó bá ya nínú ilé, òun ló ń fi abẹ́rẹ́ gán an. Bí Sátidé bá dé, á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni olùkọ́ yín wí lónìí?"

Nígbà tí Alágbàfọ̀ ṣàlàyé ojú kìíní fún un, ó mi orí, ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Olùkọ́ yín gbọ́n, ẹ bá mi kí i." Ti ojú kejì kò kọ́kọ́ yé e dáadáa, ó sì mú kí ìyàwó rẹ̀ tún un sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ń bá a jiyàn bí ọmọ iléèwé.

Alágbàfọ̀ kọ ọ̀rọ̀ abọ́ náà sílẹ̀, olùkọ́ sì ní kó kà á sétí kíláàsì. Ohùn tí ẹ̀rọ ò lè bò mọ́lẹ̀ wá fẹ́ máa sá wọnú. Ó kà á tán. Awakọ̀ ẹ̀yìn yẹn hú ikọ́, ó ní bí òun bá jáde níbẹ̀ òun máa pe àbúrò òun kan tí àwọn ò jọ sọ̀rọ̀ mọ́.

Olùkọ́ ní, "Ẹ ṣeun gan-an, mà."

"Ẹ̀yin lẹ ṣeun, mà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ti ìyá ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ̀."

Ó yege ìdánwò. Ní ọjọ́ ìparí ẹ̀kọ́, Màmá wọ bàtà tó dára jù, ó jókòó sí ìlà iwájú, nígbà tí wọ́n sì pe Alágbàfọ̀ jáde, òun náà dìde, ó tẹ̀ lé e lọ síwájú. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó di olùkọ́ lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ bá mi tún ilé mi ṣe láìdé ibẹ̀. Ẹ̀yin náà ò ní kó sínú ilé tí wọn ò ti ní mọ ìwúlò yín."

Ọjọ́ pẹ́ díẹ̀ sígbà yẹn. Màmá ti lọ sinmi báyìí, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló lọ, lórí ibùsùn tí Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ tẹ́. Bí a bá jókòó lẹ́yìn iṣẹ́, ó máa ń sọ fún mi pé òun bá ìyá ọkọ òun gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ ọdún díẹ̀ tó kẹ́yìn làwọn tó mọra. "Àwọn ẹlòmíì ò tiẹ̀ rí ìyẹn gbà," ni yóò wí. "Ọpẹ́ ni mo ń dá." Á wá mú fóònù, á pe olùkọ́ rẹ̀, á kàn bi í pé ṣé àlàáfíà ni, ṣé wọ́n ti jẹun.