Iyán Tó Ju Ìkúùkù Lọ

Kò sí iṣẹ́ tó ń rẹ obìnrin bíi kó máa ṣọ́ ẹnu ọkọ rẹ̀. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti tọ́ tèmi, mo ti ru omi nígbà tí ẹ̀rọ kò yọ, kò sí èyí tó gba agbára lára mi tó ọdún tí dókítà ní kí ọkọ mi dín oúnjẹ kù.

Ìgbà náà, kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ọkọ mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó kúrò ní Àkúrẹ́ wá sí Adó, Ìkéré la sì ń gbé. Ayọ̀ ìpínlẹ̀ tuntun pọ̀, àga ni kò tó ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá tètè dé ló ń rí ibi jókòó, àwọn yòókù á dúró ti ògiri mú fáìlì dání. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi á wọlé pẹ̀lú orí fífọ́, á ní kí n wá oògùn fún òun, kí n sì gúnyán. Méjèèjì ni mo máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kan tó ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ ṣú, ó jókòó sílẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e dé ọsibítù. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti dé ibi tó lè gbé ènìyàn ṣubú láìtún dìde, pé ọkàn rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ.

Ọmọdé ni dókítà náà lójú mi, àmọ́ kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní kí iyọ̀ àti máàgì dín kù, kí epo dín kù, kí a fi ẹran ọlọ́ràá sílẹ̀, kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ sí i. Ó ní kí ọkọ mi máa fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀ títí òógùn á fi bò ó. Ní ti iyán, ó ní òun kò ní kó má jẹ ẹ́, kó ṣáà má ju ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Ọkọ mi di ìkúùkù, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Mo mọ ohun tó ń rò. Ó ń rò ó pé Ọlọ́run ìbá ti fún òun ní ọwọ́ tó tóbi díẹ̀ sí i.

Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè má mọ bí ohun tí wọ́n ní kó gbé sílẹ̀ ti tó. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ẹni tó jẹ ìrẹsì lálẹ́ ní Èkìtì lè sùn dáadáa, kò ṣáà ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti jẹun. Odó kì í sì í dákẹ́ lẹ́yìnkùlé ilé tó ń lọ déédéé. Tí aládùúgbò kò bá gbọ́ odó rẹ nírọ̀lẹ́, ó ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú méjì ló ṣẹlẹ̀: ebi wọlé, tàbí tọkọtaya ń jà. Iyán tó mọ ní ìkúùkù kan kò sì ṣeé gún, ọmọ odó á kàn máa gbá ìdí odó lásán ni. Inú ìkòkò ni mo ti ń tẹ iṣu náà mọ́lẹ̀, odó mi wá dákẹ́.

Kò pẹ́ tí obìnrin tó múlé tì wá fi béèrè bóyá àlàáfíà ni. Mo ní àlàáfíà ni. Ó ní òun kò gbúròó odó. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dókítà fún un, ó mi orí bí ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni, tí kò kàn fẹ́ dójú tì mí. Nígbà tí ìbéèrè náà di ẹlẹ́ẹ̀kejì, tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó sú mi, mo sọ fún un pé a ń gbààwẹ̀.

Ti ìrìn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ mi á wọ kánfáásì ní ìdájí, á bọ́ sí títì tó lọ sí Adó. Nígbà yẹn, ta ló ń fẹsẹ̀ rìn ní Ìkéré nígbà tí mọ́tò rẹ̀ wà nílé? Gbogbo ẹni tó bá pàdé á kí i, á béèrè mọ́tò, á bá a dárò. Àwọn awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n á dúró, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un, tí kò bá sì wọlé, wọ́n á ní ó ń ṣe fáàrí. Bí ọkọ mi ṣe jáde láti lọ rìn nìyẹn, tí wọ́n á fi mọ́tò gbé e padà wá bá mi nílé, òógùn kankan kò sí lára rẹ̀. Á ní kò sí bí òun ṣe fẹ́ ṣe é. Èmi náà kò mọ bó ṣe yẹ kó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ odó tó dákẹ́ àti ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn dé etí ìyá rẹ̀ ní abúlé oko wọn lẹ́yìn Èmùré. Màmá dé pẹ̀lú iṣu, epo pupa àti ọ̀yà yíyan. Wọ́n wo ọrùn ọmọ wọn, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì mu omi tán. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì dé orí ìkúùkù. Wọ́n gbọ́ mi jẹ́jẹ́.

"Dókítà gbìyànjú," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n uyán ò pa ẹnìkan rí l'ulé wa."

Wọn kò bá mi jà. Wọ́n kàn ní àtẹ̀gùn ilé wa ń dun orúnkún àwọn, pé ọ̀dọ̀ àbúrò àwọn tó jẹ́ obìnrin ní ìsàlẹ̀ títì làwọn á wọ̀ sí kí àwọn tó padà sóko. Inú mi dùn, mo jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ ojú ìyakọ ní ìdáná.

Láti ìgbà náà ni ọkọ mi yí padà. Kò sí pé mò ń jí i mọ́, òun ló ń jí mi. Kò gba kí mọ́tò kankan gbé òun mọ́, á lọ, á bọ̀, òógùn á ti mu ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí n kò fi epo sí, tó máa ń wò tẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bu oúnjẹ ẹlòmíì fún, ó ń jẹ ẹ́ láìkùn. Ó tilẹ̀ máa ń ṣẹ́kù. Mo sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé àdúrà mi ti gbà.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga ju ti ìṣáájú lọ. Dókítà yíjú sí mi, ó ní kí n sọ ohun tí mò ń sè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Ó gbọ́ tán, ó ní tí mi ò bá kíyè sára, opó ni mo fẹ́ dà. Ọkọ mi ń wo fèrèsé. Mo sunkún nínú mọ́tò láti Adó dé Ìkéré, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ opó nìkan. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ibi tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé, mo jẹ́ kó jáde, mo wé gèlè mi, mo tẹ̀ lé e lókèèrè. Ó ń rìn dáadáa, ó ń ju apá. Bó ṣe dé ìsàlẹ̀ títì, ó yà sílé àbúrò Màmá. Kí n tó débẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé odó ti ń dún níwájú, ní ìdájí, nígbà tí àwọn ẹlòmíì ṣì ń fọ ẹnu.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọkọ mi jókòó sórí àpótí, iyán ńlá funfun wà níwájú rẹ̀, ọ̀yà wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, epo ń léfòó lórí rẹ̀. Òógùn ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Màmá dojú kọ ọ́, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin fún un, wọ́n sì ń wo ẹnu rẹ̀ bí ìyá tó ń fún ọmọ lóògùn. N kò kí wọn. Èmi tí mo ti ń kúnlẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn, mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Ọkọ mi gbé òkèlè dúró láàárín àwo àti ẹnu. Màmá kò bínú. Wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, ebi ló pa bàbá rẹ̀. Ebi ò ní pa òun náà l'ojú mi."

Wọ́n wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Ọkọ mi ṣì kéré nígbà náà. Ní ìgbà ọyẹ́, bàbá rẹ̀ ti jáde lọ sóko kòkó kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ló yẹ kó gbé oúnjẹ tẹ̀ lé e. Tútù ni igi ìdáná, iṣu kò tètè jinná. Nígbà tí wọ́n gbé iyán dé oko, bàbá ti dùbúlẹ̀ lábẹ́ kòkó, ó sì kú sí wọn lọ́wọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí sọ ọ́ lójú wọn nídìí òkú pé ìyàwó tó pẹ́ ló fi ebi pa ọkọ rẹ̀. Màmá kò jiyàn. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fún ọmọ lóúnjẹ láti ọjọ́ náà.

Mo béèrè ibi tó ń dun bàbá. Wọ́n ní ó fọwọ́ di àyà mú, ó ní apá òsì ń ro òun, òógùn sì bò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, nínú ọyẹ́. Ohun tí dókítà ní tí n bá rí lára ọkọ mi, kí n má dúró, kí n gbé e wá, gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kà fún mi yìí. Ìbínú mi kúrò, àárẹ̀ ló kù. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe ebi. Ọkàn rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti gbé oúnjẹ yẹn dé oko ní àfẹ̀mọ́jú pàápàá, ì bá ṣì kú lọ́jọ́ yẹn."

Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n bi í bóyá òótọ́ ni mo ń sọ. Ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, pé irú rẹ̀ ló ń ṣe òun náà.

Màmá mú abẹ̀bẹ̀, wọ́n tún gbé e sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwa ni wọ́n ń bá sọ ọ́.

"Kì í wá ṣe èmi ni mo pa á?"

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fa àwo iyán náà kúrò níwájú ọmọ wọn, wọ́n ní kó dìde, kó lọ rìn. Ó ṣanwọ́, ó jáde, kò wẹ̀yìn. Màmá fi ìbòrí wọn bojú, èjìká wọn ń mì, mo sì sún mọ́ wọn. Àwa méjèèjì jókòó ti iyán náà títí ó fi tutù.