Ohun Tí Inú Obìnrin Kèrè Sọ

Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ orí àwọn ẹlẹ́jọ́ wò lẹ́sẹ̀ òkè Ìdáàṣà ń rùn fún ìgbẹ́ àdán àti òwú tó ti gba omi, nítorí ilé òwú ni kó tó di ti ìjọba. Mo ti gbàgbé ojú ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn yẹn ò kúrò nímú mi. Òmìnira kúrò lọ́wọ́ àwọn Faransé ṣì tuntun nígbà náà, èmi sì ni ògbufọ̀ ilé ẹjọ́. Adájọ́ máa ń rán dókítà òyìnbó kan wá láti wò bóyá orí ẹlẹ́jọ́ pé, àti bóyá yóò tún ṣe ohun tó ṣe. Mo ti búra pé n óò túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe jáde lẹ́nu, láìfikún, láìyọkúrò. Mo ń fi ìbúra yẹn yangàn káàkiri ìlú. Ọmọdé ń ṣe mí.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú opó kan wá láti Kèrè. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti gba oko mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kó iṣu tí obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sínú abà tirẹ̀. Obìnrin náà dáná sun abà náà lọ́sàn-án gangan, ó sì jókòó síwájú rẹ̀ títí àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá ìjọba, fi dé. Dókítà bi í ìdí tó fi ṣe é.

"Mo bi inú mi léèrè," ó wí, "inú mi ní kí n dáná sí i."

Ìwọ náà ti mọ ohun tó wí: ó rò ó dáadáa kó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi olùbúra, mo sọ ọ́ ní Faransé pé ó bi ikùn rẹ̀ ní ìbéèrè, ikùn rẹ̀ sì dáhùn. Dókítà gbójú sókè, ó ní kí n bi í bóyá inú rẹ̀ sábà máa ń bá a sọ̀rọ̀. Obìnrin náà wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀. "Inú ta ni kì í bá a sọ̀rọ̀?" Mo túmọ̀ ìyẹn náà.

Ọjọ́ ìdájọ́ ni mo tó gbọ́ ohun tí dókítà kọ. Wọ́n kà á sókè pé obìnrin náà ń gbọ́ ohùn láti inú ikùn, pé ohùn náà lè tún rán an níṣẹ́ iná, nítorí náà kí wọ́n tì í mọ́ ilé wèrè títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí, torí ta ní ń gba ẹjọ́ oko lẹ́nu wèrè?

"Ta ló sọ fún wọn pé ikùn mi ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, Ìyá. Mo ṣì í túmọ̀."

"Dìde, kí o tún un sọ."

Mo rọra sọ fún un pé bí mo bá tún un sọ, á jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ẹ̀wọ̀n sì ni. Kò ṣiyèméjì. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ àtijáde. Ti wèrè ńkọ́?"

Mo dìde. Ògbufọ̀ kì í ní ohùn tirẹ̀ nílé ẹjọ́. Adájọ́ ní kí n jókòó, mo kọ̀. Ó ní òun á lé mi, mo ní kó lé mi, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́. Inú ń bí mi, sí dókítà díẹ̀, sí ara mi púpọ̀. Mo kọjú sí jàndáámù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ìlú Lèma tó ń sọ èdè wa. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni inú yín sọ nípa òjò òní?"

"Inú mi ní kò ní rọ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún adájọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí mo ti búra, pé ikùn jàndáámù ti sọ̀rọ̀ nípa òjò. Mo wá bi í bóyá kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kí wọ́n sì mú òun náà lọ sí ilé wèrè. Àwọn tó gbọ́ Faransé bú sẹ́rìn-ín. Ojú dókítà pọ́n, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní òun á tún obìnrin náà yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá ògbufọ̀ mìíràn. Mi ò lè bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Ẹni tó rọ́pò mi ló sọ fún mi pé, nígbà tí wọ́n bi ìyá náà bóyá yóò tún dáná, ó ní, "Bí wọn ò bá kó iṣu mi mọ́, kí ni mo fẹ́ fi iná ṣe?" Dókítà kọ ọ́ pé orí rẹ̀ pé. Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, wọ́n sì lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ní gbogbo ọdún mẹ́ta náà, ojú ń tì mí. Ìgbà tó yá, mo rí ìyá náà lọ́jà Glazoué lẹ́yìn òkìtì iṣu rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Kí lo ń bẹ̀ mí sí?" ó wí. "Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ní. Mo kà á, ó pé. Mo délé, mo pe ẹjọ́ oko mi, wọ́n gbọ́ mi."

Títí dòní, àwọn kan ṣì ń sọ pé mo já àánú gbà lọ́wọ́ ìyá yẹn, pé ì bá má ṣẹ̀wọ̀n. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Àánú tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Èmi ni mo gbé wèrè rù ú. Èmi náà ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.