Akọ Màlúù Tí Kì Í Wo Màlúù

Aránṣọ ni mí ní Sabon Gari, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Màlúù mọ́kànlá tí mo ní wà lórí ilẹ̀ kan tí mo háyà, tó jìnnà kọjá Airport Road, ọmọbìnrin mi ló sì ń bójú tó wọn. Òun nìkan ni mo bí. Ọmọ ogún ọdún ni, díẹ̀ ló fi ga ju èjìká màlúù lọ. Bó bá ti gbéra lọ sọ́dọ̀ wọn láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń pè é lórí fóònù kí aago méjìlá tó lù.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó di dandan kí akọ màlúù wa àtijọ́ kúrò, nítorí àwọn abo tó bí fúnra rẹ̀ ti tó gùn. Bàbá kì í gun ọmọ. Ẹran tó bá ti ibẹ̀ jáde kì í lágbára. Dókítà ẹran sọ ohun tó yẹ kí n wò lára tuntun, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: eyín, ojú, ẹsẹ̀, pátákò, ìbú ìdí, àyíká ẹpọ̀n. Mo fi ọ̀kan kún un fúnra mi: kò gbọdọ̀ ṣe ọmọ mi léṣe.

Àwa méjèèjì la jọ lọ sílé Fúlàní àgbàlagbà kan lẹ́yìn ìlú. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni, síbẹ̀ ọyẹ́ bo ibẹ̀ débi pé igi tó wà ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ dà bí èéfín. Àwọn màlúù wà nínú ọgbà ẹlẹ́gùn-ún. Akọ tó fẹ́ tà kò sí láàárín wọn. Ẹnu ọ̀nà ilé ló dúró sí, bí ẹni tó ń retí àlejò. Àwọn abo ń ké lẹ́yìn rẹ̀, kò fi etí kan dá wọn lóhùn.

Bàbá náà ní ìyá ẹran náà kú lọ́jọ́ tó bí i, pé ìyàwó òun ló fi ìgò ọmọ ọwọ́ tọ́ ọ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná. Ó fi ọmọ màlúù méjì tí akọ náà ti bí hàn wá. Wọ́n dára.

Mo yọ téèpù mi.

“Télọ̀,” bàbá náà wí, “ṣé ṣòkòtò lo fẹ́ rán fún un ni?”

Ẹpọ̀n rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n. Ẹnikẹ́ni kò dì í mú, kò sì mira. Nígbà tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó yí orí padà, ó ń wo bírò.

Akọ kejì wà nínú ọgbà. Ó sá fún wa dé ìkángun kejì, bàbá náà àti àbúrò rẹ̀ ló dì í mú. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìdí rẹ̀ sì fi ìka méjì dín sí ti àkọ́kọ́ ní ìbú.

Nígbà tí mo yíjú padà, ọmọ mi ti na ọwọ́ sí iwájú orí ti àkọ́kọ́. Ẹran náà gbé àgbọ̀n lé e léjìká, ó di ojú, ó ń mí sí i lọ́rùn. Láti ìgbà tí a ti dé, n kò gbọ́ kó dún.

“Daddy, ẹ wò ó. This one ni ká mú.”

Mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹran náà gbé ẹsẹ̀ kan. Kó tó gbé ìkejì, ẹran náà ti bọ́ sáàárín àwa méjèèjì. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi, ó gbé ẹ̀yìn sókè, ó rẹ orí sílẹ̀. Kò kàn mí. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni, ojú kan ń wò mí. N kò rí ọmọ mi mọ́, àfi bàtà rẹ̀ lábẹ́ ikùn ẹran náà.

“Ó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ ni,” bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. “Dúró kó wá tọrọ rẹ̀.”

Ìgbà tí ìyàwó bàbá náà jáde tó sì pòṣé sí ẹran náà ló tó kúrò. Mo bi obìnrin náà bóyá ó ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí.

“Rárá,” ó fi Hausa dá mi lóhùn. “Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò, mi ò kì í dá wà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́.”

“Kí ló ṣe?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ wọlé, kò jẹ́ kí n wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi lọ. Ó rò pé èèyàn lòun, ó sì ti di ọkùnrin.”

Ọkọ rẹ̀ ní kó má ba ọjà jẹ́. Mo fa ìlà pa mẹ́rìndínlógójì rẹ́ nínú ìwé mi.

“Gbogbo nǹkan lẹ̀ ń bẹ̀rù,” ọmọ mi wí. “Ẹ̀yin náà rí ìdí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn. Ọmọ pẹlẹbẹ ló máa bí fún wa.”

“Jẹ́ kó bí wọn.”

Ẹran náà sìn wá dé ìdí mọ́tò, ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi, ìgbésẹ̀ kan náà pẹ̀lú tirẹ̀. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, ó gbé imú lé gíláàsì, ó sì fi ojú wá a nínú mọ́tò. Ọmọ mi gbé ọwọ́ láti dágbére fún un. Ó wo ojú ẹran náà díẹ̀, ó rọra gbé ọwọ́ náà sórí itan.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì wá. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sá tọ àwọn abo lọ, ó ń gbóòórùn ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Kò tiẹ̀ wò wá,” ọmọ mi wí.

Mo ní kó má ṣe pè é.