Ìkíni Tí A Kò Pín

Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé kóòtù ti tú tọkọtaya ká, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé ta ló kó ẹrù jáde. Èmi kò kó ẹrù kankan jáde. Ọkùnrin tó jẹ́ ọkọ mi náà kò kó. Yábà ni ilé ọ̀hún wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, orúkọ àwa méjèèjì ló sì wà nínú ìwé rẹ̀. Owó tí mo rí nídìí aṣọ rírán la fi ra ilẹ̀, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ láàárín wa àti Mùṣin. Iṣẹ́ káfíńtà ni òun ń ṣe ní rélùwéè. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, òun ló sì gun òrùlé lọ kan páànù. Ta ni yóò wá sọ fún ta ni pé kó máa lọ?

Ọdún mọ́kànlá la fi wá ọmọ. Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ mú ìyàwó mìíràn wá fún un láti Ìjẹ̀ṣà, mo ní ilé yìí kò gba obìnrin méjì. Ìyàwó náà kò wá mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ti sọ síra wa kò ṣeé kó padà sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tú ká.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló wá láti Ìjẹ̀bú, tó bá wa pín ilé. Ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń lé adìyẹ.

“Yàrá mẹ́ta apá ọ̀tún, tìrẹ nìyẹn, ọmọ mi. Mẹ́ta apá òsì, tìrẹ, àna wa.”

“Bàbá, èmi kì í ṣe àna yín mọ́.”

“Ta ló bi ọ́? Ìdọ̀bálẹ̀ tí o dọ̀bálẹ̀ fún wa lọ́jọ́ ìdána, ṣé kóòtù lè gbé e dìde ni?”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Bàbá kò jẹ́ kí ẹ̀rín náà tán nílẹ̀ tó fi ní, “Ẹ pín yàrá, ẹ pín ibi ìdáná. Ẹ má pín ìkíni. Ẹni tó bá ń wọlé, kó kí ilé. Ẹni tó bá wà nílé, kó dáhùn.”

A pa á mọ́. Bí fèrè ibi iṣẹ́ wọn bá ti dún nírọ̀lẹ́, n kò ní pẹ́ gbọ́ ọ tó ń nu bàtà lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ kú ilé o.” Èmi á ní, “Ẹ káàbọ̀.” Ó tán. Ṣùgbọ́n bí n kò bá tíì dáhùn, kò jẹ́ gbé ẹsẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ tí èmi bá pẹ́ lọ́jà, òun ló ń dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ni màá máa gbọ́ ọ tó ń ha ìdí ìkòkò tó jóná, màá sì jókòó síhìn-ín, ọbẹ̀ tèmi yóò máa tutù.

Ọdún kejì ló ní ká ta ilé.

“Ẹ ta ìdajì tiyín,” ni mo wí.

“Ta ló ń ra ìdajì ilé?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀.”

Ó mú oníbàárà wá síbẹ̀, obìnrin oníṣòwò kan tó sanra dáadáa. Ọkùnrin náà ti ṣáájú wọ apá tirẹ̀; obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ kú ilé o!” Apá ọ̀tún àti apá òsì jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Ẹ káàbọ̀!” Obìnrin náà ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ni ọkùnrin yìí bá wọ yàrá mi tààrà, ó lọ sídìí àmù mi.

“Ife wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn,” ni mo ké sí i.

“Mo mọ̀.”

Obìnrin náà mu omi tán, ó wò mí, ó wò ó. “Ẹ̀yin yìí ni kóòtù tú ká?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kóòtù wo ni? Kí n má lọ gbé ẹjọ́ tèmi débẹ̀.” Ó gbé ife sílẹ̀. “Ilé dára. Ṣùgbọ́n ẹ ó parí ìjà yín lọ́la, èmi lẹ ó sì máa bú.”

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ilé ni mo gbà sílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọkùnrin yìí fi ti yàrá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àgádágodo, tó lọ gba yàrá kan ní Mùṣin. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo ti ọjà dé, mo ní, “Ẹ kú ilé o,” mo sì dúró tẹrù tẹrù lórí, mò ń retí. Ó pẹ́ kí n tó wọlé.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e dé, páànù apá tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jò. Láti inú yàrá mi ni mo ti ń gbọ́ ọ, tó, tó, tó, lórí ilẹ̀ tí n kò lè dé. Mo ránṣẹ́ sí i. Mo sì ti pinnu ohun tí màá sọ: kó padà sí apá tirẹ̀, kó mú ìyàwó tó bá wù ú wá, mo gbà. Mo gún iyán dè é.

Aṣọ ìgbéyàwó kan ló wà nílẹ̀ tí mò ń rán. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni mo fi eyín há, àwọn olórí róbótó tí a fi ń mú etí aṣọ pọ̀.

“Ẹ kú ilé o.”

Ẹnu mi kò ṣeé là. Mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi ní “Ẹ káàbọ̀,” kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo rẹ̀ ló wà lórí fèrèsé mi. Mo sáré jáde, ó ti kọjá ojú irin. Kí ni màá pè é? Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, n kò sì pe tirẹ̀ rí. A kò bímọ tí màá fi pè é ní bàbá lágbájá. “Ẹ káàbọ̀ o!” ni mo ń pariwo. Obìnrin kan tó ru igi kọjá ló dá mi lóhùn pé, “Ẹ ṣé o.”

Mo rán ẹnì kan sí i pé abẹ́rẹ́ ló wà lẹ́nu mi.

“Ó ní òun gbọ́,” ni ẹni náà wí nígbà tó padà dé.

“Kí ló tún sọ?”

“Ó ní kí ẹ pe káfíńtà mìíràn.”

N kò tíì pe káfíńtà kankan. Bí òjò bá ṣú, mo máa ń ṣí yàrá rẹ̀, mo máa ń gbé abọ́ síbi tó ń jò.